Òdo fún Àwọn Yòókù

Èmi ni mo kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń tẹ àmì aṣọ ní ilé ìfọṣọ ìdílé ọkọ mi. Mo fẹ́ kí ẹ tètè mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí tí ẹ bá fi ìtàn yìí sílẹ̀ fún Àǹtí láti sọ, ibi tí nǹkan ti bàjẹ́ nìkan ni ẹ máa ti gbọ́ nípa mi. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo fi kọ ọ́. Láàárín oṣù mẹ́jọ yẹn, mi ò ráyè jókòó ti kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ kankan àfi tí mo bá ká ìbọ̀sẹ̀ oníbọ̀sẹ̀ tán, torí ìbọ̀sẹ̀ ni iṣẹ́ tí wọ́n fún mi lọ́jọ́ tí mo wọlé wọn. Tí ẹ ò bá tíì wá ìkejì ìbọ̀sẹ̀ dúdú kan láàárín ọgọ́rùn-ún ìbọ̀sẹ̀ dúdú rí, ẹ má sọ fún mi pé ẹ mọ sùúrù.

Ilé ìfọṣọ náà kò tóbi. Iwájú ni káńtà wà, níbi tí àwọn oníbàárà ń gbé aṣọ sí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀rọ ìfọṣọ mẹ́rin wà, tí wọ́n máa ń gbọ̀n títí wọ́n á fi rìn kúrò láyè wọn, tí a ó sì tì wọ́n padà ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Bọ̀dá, àkọ́bí ilé, ló ń bójú tó wọn. Ariwo ẹ̀rọ ti sọ ohùn rẹ̀ di ńlá, débi pé tó bá ń kí ọ, ńṣe ló dà bí ẹni pé ó ń bá ọ jà. Àǹtí ló tẹ̀ lé e. Yàrá ìlọṣọ ni tirẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń bá a jiyàn, torí áyọ́ọ̀nù gbígbóná kì í jìnnà sí ọwọ́ rẹ̀. Ọkọ mi ni àbíkẹ́yìn, òun ló ń fi ọkọ̀ kó aṣọ lọ kó aṣọ bọ̀. Màmá, ìyá wọn, ló ni gbogbo rẹ̀. Ó ti pé ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, kì í gbé nǹkan kan mọ́, ṣùgbọ́n ó ní àga kan lẹ́yìn káńtà tó ti ń rí gbogbo wa, títí kan ẹni tó bá sá pamọ́ sẹ́yìn aṣọ láti sinmi.

Kí ètò tèmi tó dé, Àǹtí ló ń fi ọwọ́ kọ nọ́ńbà sórí bébà, tó sì ń fi píìnì gún un mọ́ aṣọ. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ sọ ọ́ lójú rẹ̀, àmọ́ ení rẹ̀ àti èje rẹ̀ kò yàtọ̀ síra. Bí ṣòkòtò ọkọ ìyàwó kan ṣe bá ara rẹ̀ nílé adájọ́ nìyẹn, tí ti adájọ́ sì lọ ṣègbéyàwó. Ọkọ ìyàwó ga bí òpó iná, adájọ́ kò ga rárá. Tọkọtaya náà ṣì ní àwòrán ìgbéyàwó náà nílé, ṣùgbọ́n wọn kì í fi han àlejò. Láti ìgbà yẹn ni àwọn oníbàárà wa ti ń yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ètò mi kò ní í fi ení pe èje láé. Ó ń tẹ orúkọ ẹni tó ni aṣọ, iye tó kó wá àti ọjọ́ tó máa wá gbà á, ní lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà. Ìṣòro rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé inú yàrá tèmi nínú kọ̀ǹpútà ló ń gbé. Kọ̀ǹpútà wa jẹ́ irú èyí tí oníkálukú ní orúkọ àti yàrá tirẹ̀ nínú rẹ̀, tí a sì máa ń fi ọ̀rọ̀ kíkọ pàṣẹ fún, kì í ṣe pé kéèyàn máa tẹ àwòrán kiri. Ohun tó bá wà nínú yàrá mi, èmi nìkan ló ń dá lóhùn. Nítorí náà, bí oníbàárà bá ti wọlé, Àǹtí á ké "Ìyàwó!", èmi á ju ìbọ̀sẹ̀ sílẹ̀, màá sá wá tẹ àmì. Ó tó ogójì ìgbà lóòjọ́. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó dùn mọ́ mi nínú. Obìnrin tó ti ń fi ojú àlejò wò mí fún ọdún mẹ́fà ni kò lè gba aṣọ lọ́wọ́ èèyàn mọ́ láìpè mí.

Ìgbà náà ni ilé ìtura kan tó ní ọgọ́rin yàrá ránṣẹ́ sí wa. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa fọ aṣọ ibùsùn wọn. Alábòójútó wọn yóò kó igba aṣọ ibùsùn wá ní Ọjọ́rú, aago mẹ́wàá àárọ̀, yóò sì dúró kó fojú ara rẹ̀ rí i pé gbogbo rẹ̀ gba àmì yàrá tó ti wá kí ọ̀sán tó pọ́n. Ó tún ní ohun kan tó fẹ́: àwọn ọkùnrin méjì tó ń bá a kó aṣọ ni yóò máa tẹ àmì náà fúnra wọn ní àràárọ̀ tí wọ́n bá dé káńtà. Tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, a ti rí oníbàárà kan tó ju gbogbo àwọn tó sá lọ.

Nítorí wọn ni mo ṣe bọ́tìnì kan sórí káńtà. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ kò nílò orúkọ kankan nínú kọ̀ǹpútà wa. Bọ́tìnì náà ní orúkọ tirẹ̀ tó fi ń ṣiṣẹ́, iranse ni mo sọ ọ́. Ó kù kí a gbé ètò kúrò ní yàrá mi lọ sí gbangba, níbi tí gbogbo ilé á ti máa lò ó.

Àṣẹ kan wà fún irú iṣẹ́ yẹn tó ń jẹ́ install. Òmíràn náà wà tó ń jẹ́ cp, tó ń ṣe ẹ̀dà fáìlì láti ibì kan síbòmíràn, ṣùgbọ́n cp dà bí ẹni tó gbé ẹrù yín jù sílẹ̀ ní pálọ̀ tó sì bá tirẹ̀ lọ. Install ní ìwà tó ju bẹ́ẹ̀. Á gbé ètò lọ síbi tó yẹ, á sọ ẹni tó ni ín, á sì sọ ohun tí oníkálukú lè fi ṣe, gbogbo rẹ̀ lórí ìlà kan ṣoṣo. Ìlà kan ni mo rò pé yóò gbà mí. Mo gbàgbé pé ilé ọkọ mi kì í pinnu ibi tí wọ́n máa sá aṣọ ìnura sí láìṣe ìpàdé.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsẹ́gun ni Màmá ní kí a ti iwájú fún wákàtí méjì. A jókòó yí kọ̀ǹpútà ká.

"Ṣàlàyé fún wa, Ìyàwó," ó ní.

"Nọ́ńbà mẹ́ta ni, Màmá. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ti ẹni tó ni ètò. Ti ìkejì jẹ́ ti ẹgbẹ́, ìyẹn àwọn tí a bá kọ orúkọ wọn pọ̀. Ti ìkẹta jẹ́ ti àwọn yòókù."

"Ta ló ni ín?" Bọ̀dá béèrè, àwọn tó ń kọjá lójú títì sì gbọ́.

Mo wo ilẹ̀. Oṣù mẹ́jọ. "Màmá ni," mo dáhùn.

Màmá gbà á bẹ́ẹ̀ láìjanpata. "Mélòó ni tèmi?"

"Méje, Màmá. Méje ló ga jù. Ẹni tó bá ní méje lè ka ètò, ó lè yí inú rẹ̀ padà, ó sì lè lò ó."

"Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"A lè fún àwọn náà ní méje."

Màmá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sì gbé e sórí itan. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé nìyẹn. "Èmi méje, àwọn ọmọ tí mo fi inú mi bí, méje? Ṣé kò sí mẹ́jọ ni?"

"Kò sí mẹ́jọ, Màmá. Kọ̀ǹpútà ò mọ̀ ọ́n níbẹ̀."

"Ẹni tó ṣe kọ̀ǹpútà yẹn, kò ní ìyá ni?"

Mo sọ fún un pé a lè fún àwọn ọmọ ní márùn-ún, kí wọ́n lè kà á kí wọ́n sì lò ó, ṣùgbọ́n kí wọ́n má lè fọwọ́ kan inú rẹ̀. Ìyẹn tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bọ̀dá ni kò tẹ́ lọ́rùn.

"Èmi àti àbíkẹ́yìn, márùn-ún kan náà? Èmi tí mo pọ̀n ọ́n sẹ́yìn? Ẹ fún mi ní mẹ́fà."

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ní mẹ́fà lè kà á, ó lè yí i padà, ṣùgbọ́n kò lè lò ó. Ẹ ò ní lè tẹ àmì ẹyọ kan."

"Ṣé ó ju márùn-ún lọ àbí kò jù ú lọ?"

"Ó jù ú lọ, sà, àmọ́…"

"Ẹ fún mi ní mẹ́fà mi."

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ," Màmá dá sí i. "Gba márùn-ún, kí o jókòó jẹ́ẹ́."

Bọ̀dá jókòó, ó sì di ọwọ́ méjèèjì lé àyà. Ó wá kan kíkọ orúkọ àwọn ẹgbẹ́. Màmá ní kí n kọ orúkọ àwọn ọmọ òun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo kọ wọ́n. Ọwọ́ mi dúró lórí kọ̀ǹpútà. Ọkọ mi wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó wá ní, "Màmá, ìyàwó mi ńkọ́?"

"Ìyàwó kì í ṣe ọmọ," Àǹtí sọ. "Yòókù ni." Kò fi ìkà sọ ọ́, bí ẹni ń sọ pé òwú kì í ṣe síliìkì ló ṣe sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí.

Màmá yíjú sí mi. "Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nǹkan kì í ṣe yòókù nínú rẹ̀. Kọ orúkọ rẹ mọ́ tiwọn, Ìyàwó."

"Màmá, tó bá wá bàjẹ́ lójú àlejò lọ́la ńkọ́?" Àǹtí béèrè.

"Tó bá bàjẹ́, a ó padà sórí bébà rẹ, òun náà á sì padà sídìí ìbọ̀sẹ̀. Orúkọ rẹ̀ á kúrò níbẹ̀. Ṣé ó tẹ́ ọ lọ́rùn?"

Ó tẹ́ Àǹtí lọ́rùn. Èmi ò tiẹ̀ gbọ́ apá ìkẹyìn yẹn dáadáa, torí mo ti ń kọ orúkọ mi. Etí mi gbóná. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń wá ibi tí wọ́n á kọ orúkọ mi sí nínú ilé yẹn, mi ò sì mọ̀ pé inú kọ̀ǹpútà ni mo ti máa rí i.

"Àwọn wo wá ni yòókù?" Bọ̀dá béèrè. Ó ń fi ìka kà wá. "Màmá rèé. Èmi rèé. Àbúrò mi rèé, àbíkẹ́yìn rèé, ìyàwó rèé. Ta ló kù?"

"Kò sẹ́ni tó kù," Àǹtí ní. "A ò ní yòókù nínú ilé yìí. Òdo ni kó fún wọn."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, Ìyàwó?" Màmá bi mí.

Nǹkan kan wá sí mi lẹ́nu nígbà yẹn. Mo gbé e mì. "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá," ni mo sọ, mo sì tẹ àṣẹ náà lójú gbogbo wọn:

install -o iya -g ile -m 750 ami /usr/local/bin

Ìyá ló ni ín, ilé ni ẹgbẹ́ rẹ̀. Méje fún Màmá, márùn-ún fún àwa, òdo fún àwọn yòókù. Kọ̀ǹpútà kò fọhùn. Bí iṣẹ́ bá yọrí, kì í fọhùn. Ṣùgbọ́n Màmá ṣì ń wo méje rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n já ẹran rẹ̀ jẹ. Mo bá sọ fún un pé ọ̀rọ̀ àṣírí kan wà tó ju gbogbo nọ́ńbà lọ, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ni ọ̀gá kọ̀ǹpútà pátápátá, èmi ni mo sì mọ̀ ọ́n títí di àkókò yẹn. Kó yan tirẹ̀, kí n gbàgbé tèmi. Ojú rẹ̀ là. Ó lé gbogbo wa jáde, ó ti ilẹ̀kùn, ó lo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún níbẹ̀ pẹ̀lú ìka kan ṣoṣo, ó sì jáde bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Lẹ́yìn náà, a dán ètò wò. Oníkálukú fi orúkọ rẹ̀ wọlé, ó sì tẹ àmì kan jáde. Bọ̀dá tẹ orúkọ ara rẹ̀, ó fi píìnì gún un mọ́ àyà, kò sì yọ ọ́ títí iṣẹ́ fi parí. Kò sẹ́ni tó tẹ bọ́tìnì orí káńtà. Ó yẹ kí n tẹ̀ ẹ́, àmọ́ Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí ní "ọmọ mi" níwájú Àǹtí ni, mi ò rí ẹsẹ̀ mi nílẹ̀. Ayọ̀ àyọ̀jù ni àkèré fi ń ṣẹ́ nítan.

Ní Ọjọ́rú, aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú méjì, alábòójútó ilé ìtura wọlé. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó so aago mọ́ àyà, ètè rẹ̀ sì ń mì nítorí pé ó ń ka gbogbo ohun tójú rẹ̀ bá rí. Ó ka ẹ̀rọ wa, ó ka fìtílà, mo rò pé ó ka àwa náà. Àwọn ọkùnrin rẹ̀ méjèèjì ti apẹ̀rẹ̀ ńláńlá tó kún fún aṣọ funfun tẹ̀ lé e. Màmá kí wọn káàbọ̀, ó sì nawọ́ sí bọ́tìnì bí ẹni tó ń fi ọmọ hàn.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ fúnra yín, ẹ jọ̀ọ́. Kò le rárá."

Alábòójútó tẹ̀ ẹ́. Kò sí àmì kankan. Kàkà bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ kan jáde sójú kọ̀ǹpútà. Nítorí kí Màmá lè máa kà á ni mo ṣe yí gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà náà ń sọ sí èdè wa, mo sì kọ ọ́ ní lẹ́tà ńlá nítorí ojú rẹ̀. Ẹni tó wà lódìkejì títì lè kà á: A KÒ GBÀ Ọ́ LÁÀYÈ.

"Ẹ ò gbà mí láàyè?" alábòójútó bi wá.

"Ẹ má bínú, ẹ má bínú," Àǹtí sáré wá, ó sì tẹ̀ ẹ́. A KÒ GBÀ Ọ́ LÁÀYÈ. Bọ̀dá ní ọwọ́ obìnrin ni kò wúwo tó, ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ débi pé káńtà dún. Kò gba òun náà láàyè. Màmá dìde lórí àga rẹ̀, ohun tí a kì í sábà rí, ó rọra rìn wá, ó sì tẹ bọ́tìnì náà pẹ̀lú iyì.

A KÒ GBÀ Ọ́ LÁÀYÈ.

"Èmi?" Màmá ní. "Nínú ilé mi? Kò tiẹ̀ pè mí ní ẹ̀yin!"

Alábòójútó wo aago àyà rẹ̀. "Ẹ̀yin ìyá, mo ní ibòmíràn tí mo lè kó wọn lọ. Tó bá di aago méjìlá tí nǹkan ò yí padà, màá kó wọn."

Àǹtí fi ẹsẹ̀ ti apẹ̀rẹ̀ ìbọ̀sẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kàn mí lójúgun.

Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, mo ní kó fi ètò náà hàn mí àti àyè tí oníkálukú ní lórí rẹ̀. Mi ò tiẹ̀ nílò rẹ̀, mo ti mọ̀. Àyè Màmá wà níbẹ̀, tiwa wà níbẹ̀, níparí rẹ̀ ni ìlà kéékèèké mẹ́ta dúró sí lófìfo, níbi tó yẹ kí àyè àwọn yòókù wà. Bọ́tìnì kì í ṣe Màmá. Kò sí nínú ẹgbẹ́ ilé. Iranse, tí mo fi ọwọ́ ara mi sọ lórúkọ, ni gbogbo yòókù tí a ní, òdo la sì fún un.

Ọ̀nà kan wà tí mo lè gbà. Mo lè fi orúkọ mi wọlé, kí n tẹ igba àmì náà fúnra mi, kí n ní bọ́tìnì ló ní àìsàn. Ṣùgbọ́n alábòójútó fẹ́ kí àwọn ọkùnrin rẹ̀ máa tẹ̀ ẹ́ fúnra wọn, ìbéèrè yẹn á sì tún padà wá lọ́la. Láti ṣe àtúnṣe gidi, àfi kí Màmá fi ọ̀rọ̀ àṣírí tuntun yẹn wọlé. Màmá kò sì ní fi wọlé láìmọ ìdí. Aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú ti lù.

"Màmá," mo wí, mo sì dìde dúró. "Ọwọ́ mi ló ti wá."

"Mo sọ ọ́!" Àǹtí ní.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, Àǹtí. Yòókù wà. Bọ́tìnì yìí ni. Orúkọ tirẹ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́, kò sì sí nínú àwa tí a kọ orúkọ wa. Mi ò ṣèèṣì, mo mọ̀. Ní àná tí Bọ̀dá béèrè pé ta ló kù, ó wà lẹ́nu mi láti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí n kọ orúkọ mi mọ́ tiyín ni. Ẹ̀rù bà mí pé tí mo bá ní ẹnì kan ṣì kù, Àǹtí á ní èmi náà ni. Mo wọlé tán, mo sì ti ilẹ̀kùn."

Ojú tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fẹ́ wọ inú ẹ̀rọ ìfọṣọ kí n pa á dé. Ọkọ mi ń wo bàtà rẹ̀.

"Kí ni kí a ṣe sí i báyìí?" Màmá béèrè.

"Kí ẹ fi ọ̀rọ̀ àṣírí yín wọlé, kí n tún tẹ install, kí a fún àwọn yòókù ní márùn-ún."

"Kí olè pàápàá wá lè máa lò ó?"

"Màmá, olè tó bá fẹ́ wá bá wa tẹ àmì aṣọ, ẹ jẹ́ kó wá."

Màmá jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ó na ìka rẹ̀ kan, ó wá dúró, ó sì wo gbogbo wa. "Ẹ yíjú sí ògiri."

A yíjú sí ògiri. "Ẹ̀yin náà," ó sọ fún alábòójútó àti àwọn ọkùnrin rẹ̀, àwọn náà sì yíjú. Èèyàn méje la tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa, tí a kọjú sí ògiri láàárín apẹ̀rẹ̀ aṣọ, bí ọmọ iléèwé tó pẹ́ dé. Oníbàárà kan ṣílẹ̀kùn, ó wò wá, ó sì rọra pa á dé padà.

"Kò kọ nǹkan kan!" Màmá ké lẹ́yìn wa.

"Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, Màmá. Ó ń bá yín fi í pamọ́ ni."

Ó tẹ̀ ẹ́ parí. Kọ̀ǹpútà ní kò rí bẹ́ẹ̀. Màmá ṣe hùn-ún, ó ní òun á rọra ṣe é báyìí. Ó ń rọra ṣe é lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ń bá ìka rẹ̀ lọ láìmọ̀.

"A… dí… u… mí… a…"

Mo fi eyín há ètè.

"…rí… a… dí…"

"Adúmáradán," Bọ̀dá sọ sí ògiri. Ó rò pé òun sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, ṣùgbọ́n mo ti sọ bí ohùn rẹ̀ ṣe rí fún yín.

"Ta ló sọ̀rọ̀?"

"Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, Màmá," gbogbo wa dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin ilé ìtura bú sí ikọ́, ikọ́ náà kò sì tán bọ̀rọ̀.

"Bàbá yín ló ń pè mí bẹ́ẹ̀," Màmá ní, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Kí ẹ̀yin tó wà. Ẹ má yíjú o, mi ò tíì ṣe tán."

Kò sẹ́ni tó yíjú. Bàbá wọn ti kú ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, àwọn ọmọ náà kò sì gbọ́ orúkọ yẹn rí. Àǹtí, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mú etí aṣọ ibùsùn ilé ìtura, ó sì fi nu ojú rẹ̀. Mo mọ̀ pé a máa tún un fọ̀, mi ò sọ nǹkan kan.

Lẹ́yìn ìgbà tí ọ̀rọ̀ àṣírí wọlé, mo jókòó, mo sì tẹ ìlà náà lẹ́ẹ̀kejì. Ibi tí òdo wà ni mo fi márùn-ún sí. Install mú ètò àtijọ́ kúrò, ó gbé èyí tuntun síbẹ̀, kò sì fọhùn. Mo bẹ alábòójútó pé kó tún tẹ bọ́tìnì. Ó wò mí, ó wo bọ́tìnì, ó fi ìka kan kàn án bí ẹni tó ń dán omi gbígbóná wò, àmì sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde: àjà kìíní, yàrá kẹta, àjà kìíní, yàrá kẹrin. Àwọn ọkùnrin rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ ní ìkọ̀ọ̀kan, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Kí aago méjìlá tó lù, kò sí aṣọ ibùsùn kan tí kò ní píìnì.

Alábòójútó ka igba rẹ̀ pé. "Ẹ̀yin ìyá," ó sọ fún Màmá, "ilé ìfọṣọ kẹrin tí mo dé nìyí. Ẹnì kankan ò tíì ní kí n kọjú sí ògiri rí. Aago mẹ́wàá lọ́la, a ó kó òmíràn wá." Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí Màmá, ó sì jáde, ètè rẹ̀ ń ka àtẹ̀gùn wa.

Bọ̀dá hó yèè. Ọkọ mi dì mọ́ mi, àwa méjèèjì sì já lé apẹ̀rẹ̀. Àǹtí nìkan ló dúró.

"Inú mi dùn," ó ní, mo sì gbà pé inú rẹ̀ dùn. "Ṣùgbọ́n Màmá, ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lánàá ńkọ́? Ẹ ní tó bá bàjẹ́ lójú àlejò, orúkọ rẹ̀ á kúrò níbẹ̀. Ó bàjẹ́ lójú àlejò. Ó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun mọ̀ọ́mọ̀ ni."

Òótọ́ ló sọ, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá apẹ̀rẹ̀ ìbọ̀sẹ̀ mi lójú.

Màmá padà sórí àga rẹ̀, ó jókòó dáadáa. Ó nàka sí Bọ̀dá. "Ìwọ, nígbà tí mo gbé àbúrò rẹ wálé, o ní kí n dá a padà fún nọ́ọ̀sì." Ó nàka sí Àǹtí. "Ìwọ, lọ́jọ́ tí mo gbé àbíkẹ́yìn dé, ẹnu ọ̀nà lo la ọwọ́ méjèèjì sí, o ní ilé ti kún." Ó yí sí ọkọ mi. "Ìwọ ńkọ́? Ọdún méjì lo fi ń bẹ̀ mí ní alaalẹ́ pé kí n má ṣe bímọ mọ́." Ó wá kọjú sí mi, ojú mi sì wálẹ̀. "Èyí wọlé lọ́sàn-án àná. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹlòmíràn. Ẹ sì tún ń bi mí bóyá ọmọ ilé yìí ni?"

Àǹtí ya ẹnu láti dáhùn, ẹ̀rín ló jáde. Orúkọ mi kò kúrò níbẹ̀. Ojú ń tì mí, inú mi sì ń dùn, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù, mo sì mú apẹ̀rẹ̀ aṣọ ibùsùn àkọ́kọ́, mo gbé e fún Bọ̀dá kó lọ fọ̀ ọ́.